Bí ẹ ṣe lè gun kẹ̀kẹ́ ológeere yípo òkè Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ní ọjọ́ méjì

Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì rí yóò mọ ibi tí mò ń sọ. Bí ọkọ̀ bá ti yà ní oríta Ìwàràjà báyìí, tó kẹ̀yìn sí ọ̀nà Àkúrẹ́, òkè dé nìyẹn. Ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò, igi kòkó á bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, awakọ̀ á já gíà wálẹ̀, èrò tó ń sùn á lajú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń wo ọ̀nà yẹn láti ojú fèrèsé kí n tó gbé kẹ̀kẹ́ ológeere gbà á. Láti ìgbà náà, mo ti gùn ún nígbà ọyẹ́, mo ti gùn ún nígbà òjò. Mo ti bá ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn jù mí lọ rìn ín, mo sì ti mú ẹni tí kò gun òkè kankan rí ju Mápó n'Ìbàdàn lọ gba ibẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: gígun òkè kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀. Sùúrù ni òkè ń fẹ́, ẹni tó bá rọra yóò dé orí rẹ̀. Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń ṣẹ́ èèyàn léegun, ilé la sì ti ń múra sílẹ̀ fún un, kí ẹsẹ̀ tó kan pẹ́dàlì. Ìdí nìyẹn tí màá fi pẹ́ lórí bíréèkì àti táyà ju bí mo ṣe máa pẹ́ lórí agbára ẹsẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tí a máa gbà

Iléṣà la ti máa gbéra, Iléṣà la máa padà sí. Lọ́jọ́ kìíní, a óò gba Ìwàràjà, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìta-Awùrẹ́, Arámọkọ àti Erínjìyàn, a óò sì sùn ní Ìkógòsì. Lọ́jọ́ kejì, a óò gba Ìgbàrà-Odò bọ́ sí Ìgbàrà-Òkè, níbi tí a ti máa já sí ọ̀nà ńlá tó ti Àkúrẹ́ wá sí Iléṣà. Òwẹnà ló kàn, lẹ́yìn náà Ìkejì-Arákejì, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, Erin-Ìjẹ̀ṣà, Erínmọ̀, ká tó tún rí Ìwàràjà. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta lẹ óò fẹsẹ̀ kàn: Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Oǹdó. Gbogbo rẹ̀ lé ní 120 kìlómítà.

Ẹ má yí i padà o. Bí a ṣe tò ó yìí, ibi tó le jù lẹ máa fi àárọ̀ ọjọ́ kìíní gbà, nígbà tí ara ṣì yá gágá, tí ọkọ̀ akẹ́rù kò sì tíì pọ̀ lójú títì. Ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ Àkúrẹ́ lọ, ìrọ̀lẹ́ ni yóò dé òkè Ẹ̀fọ̀n, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀, oòrùn yóò sì máa wọ̀ lójú ẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọjọ́ kan ti tó fún un. Òótọ́ ni, ó ṣe é ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe é lọ́jọ́ kan, òun àti tirélà ni yóò jọ máa du ọ̀nà Ìpetu lálẹ́, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó dára jù

Ìparí oṣù kọkànlá sí ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kejìlá ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, igbó ṣì tutù yọ̀yọ̀, eruku kò tíì gbalẹ̀. Tí Kérésìmesì bá ti sún mọ́lé, ẹ fi ọ̀nà náà sílẹ̀ fún àwọn awakọ̀ tó ń sáré ọdún. Ní oṣù kìíní sí ìkejì, ọyẹ́ lè bo orí òkè débi pé awakọ̀ kò ní tètè rí yín, iná igbó náà sì ń jó kiri. Ìgbà òjò lẹ́wà lójú, àmọ́ omi máa ń wọ́ ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ sí kọ́nà, ewé kòkó tó bá jábọ́ sórí ọ̀dà tútù sì ń yọ̀ bí ilá. Ẹni tí kò bá gba ibẹ̀ rí, kó má fi ìgbà òjò bẹ̀rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ yín: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gíà

Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, kí ẹ ka eyín. Ẹ ka eyín àwo tó kéré jù níbi pẹ́dàlì, kí ẹ ka eyín àwo tó tóbi jù lẹ́yìn. Bí ti iwájú bá jẹ́ 34, tí ti ẹ̀yìn náà jẹ́ 34, bí ẹ bá yí pẹ́dàlì po lẹ́ẹ̀kan, táyà náà á yí po lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á sì sún síwájú ní nǹkan bíi mítà méjì. Irú gíà tí òkè Ẹ̀fọ̀n ń fẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré ìje tòkunbọ̀ àtijọ́ ló ní 39 níwájú àti 25 lẹ́yìn. Ìyẹn ń lọ ju mítà mẹ́ta lọ ní ìyípo kan, orúnkún ló sì máa san gbèsè rẹ̀ fún ẹni tí kì í bá ṣe eléré ìdárayá gidi.

Ẹ lè pààrọ̀ àwo ẹ̀yìn sí èyí tó tóbi, kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe bóyá apá tó ń fa ṣéènì lẹ́yìn gùn tó láti gba eyín tuntun náà. Bí kò bá gùn tó, ṣéènì lè há lójijì, ó sì lè fa apá náà wọ inú sípóòkù. Ẹ dán gbogbo gíà wò ládùúgbò, pàápàá èyí tó rọ̀ jù, torí òun gan-an lẹ máa nílò nígbà tí kò ní sí ibi tí ẹ ó ti tún un ṣe.

Táyà

Táyà tín-ín-rín kò wúlò níbí. Èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 28 dára, 32 dára jù, bí féémù yín bá gbà á. Ẹ ti ìka ọwọ́ kan bọ àárín táyà àti féémù: bí ìka kò bá wọlé, táyà náà ti fẹ̀ jù. Ẹ má fún un ní afẹ́fẹ́ títí yóò fi le bí òkúta. Ẹni tó wúwo tó kílò 75, tó ń lo táyà 28, lè fún un ní psi 70 sí 80. Bó bá jẹ́ 32, 55 sí 65 tó. Táyà tó bá rọ̀ díẹ̀ máa ń di ọ̀dà mú, kì í ta sókè tó bá bọ́ sí gbágungbàgun.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí àfi tí wọ́n bá ti wà lójú ọ̀nà. Fáàfù tín-ín-rín tó wà lára kẹ̀kẹ́ eré ìje kò bá ẹnu ọ̀pá fọkanáísà mu. Mo rí i ní Arámọkọ lọ́jọ́ kan. Ọmọkùnrin tó ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ níbẹ̀ tẹ ọ̀pá mọ́ fáàfù wa lẹ́ẹ̀mẹta, afẹ́fẹ́ ń sá jáde ṣìì. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, imú táyà yín ti kéré jù, kò lè gba tiwa.” Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú àwa tá a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ tú nǹkan kékeré kan tí kò ju èékánná lọ jáde nínú àpò, ó dè é mọ́ fáàfù, ọ̀pá sì wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ẹ ra ohun kékeré yẹn, adápítà fáàfù ni wọ́n ń pè é, kí ẹ so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ yín. Bí fọkanáísà bá sì fẹ́ fún un, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó máa fún un díẹ̀díẹ̀, torí táyà mọ́tò ni ẹ̀rọ rẹ̀ mọ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan ló lè fi fọ́ túùbù kẹ̀kẹ́.

Bíréèkì

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ wo rọ́bà bíréèkì: ilà tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì hàn. Bí ilà bá ti parẹ́, ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má ṣọ́ owó lò níbẹ̀. Ẹ fi èékánná họ rọ́bà náà kí ẹ yọ òkúta tàbí irin wẹ́wẹ́ tó bá rì sínú rẹ̀, torí òun ló ń jẹ rìímù bí ayùn. Ẹ fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ rìímù: bó bá ti kòtò wọnú bí àwo ọbẹ̀, ó ti tán, ó lè là. Ẹ tọ wáyà bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí okùn wáyà kan ṣoṣo bá ti já nínú rẹ̀, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbogbo ẹrù tí ẹ máa gbé lọ sórí kẹ̀kẹ́. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fún bíréèkì iwájú, kí ẹ tì í síwájú. Táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fẹ́ gbéra nílẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣì ń yí lọ, tàbí tí ọwọ́ bíréèkì bá kan hándù, kò tíì ṣe tán láti lọ sí Ẹ̀fọ̀n.

Bí bíréèkì yín bá jẹ́ èyí tó ń fún rìímù mọ́ra, ẹ gbọ́ èyí. Ìgbà kìíní tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà yìí, ẹ̀rù bà mí, mo bá di bíréèkì mú, n kò jù ú sílẹ̀ rárá láti òkè títí dé ibi tó fẹ́ẹ̀ tẹ́jú. Mo rò pé ohun tó bójú mu ni mò ń ṣe. Ohun tí mo gbọ́ ni “gbàù!”, bí ẹni yìnbọn. Túùbù ẹ̀yìn ti bẹ́. Kẹ̀kẹ́ gbọ̀n jìgìjìgì, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ wọ koríko. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í ṣe ti iwájú. Nígbà tí mo dìde, mo fọwọ́ kan rìímù láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ìka méjì mi sì bó. Iná tí bíréèkì dá sára rìímù ló gbóná wọ túùbù títí ó fi bẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé fífún bíréèkì láìdáwọ́ dúró kì í ṣe ìṣọ́ra. Bí a ṣe ń fún un, màá sọ ọ́ tí a bá dé ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀.

Ara yín

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fún ẹni tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá òkè kan ládùúgbò, kí ẹ máa gùn ún léraléra lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí ẹ wá fi ọjọ́ kan gun ọ̀nà jíjìn tó wákàtí mẹ́ta. Ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kò ní wá òkè tì. Ará Èkó ní iṣẹ́ díẹ̀ láti ṣe, torí ilẹ̀ wọn tẹ́jú. Kí wọ́n tètè dé Iléṣà ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí wọ́n fi òkè ibẹ̀ dánra wò. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó gbé dání

Túùbù méjì, irin tí a fi ń ṣí táyà, gọ́ọ̀mù àti rọ́bà tí a fi ń lẹ̀ ẹ́, páńpù ọwọ́, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ yín mu, ìso ṣéènì kan. Iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn, kódà lọ́sàn-án, torí kùrukùru àárọ̀. Akoto. Aṣọ tó ń tàn yòò. Ẹ̀wù fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá. Owó tí ẹ lè ná lọ́wọ́, torí ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábúlé kò ní POS.

Omi ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ. Ìgò méjì ni kí ẹ so mọ́ kẹ̀kẹ́, kí ẹ máa mu tó ìdajì lítà sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà ní wákàtí kan bí oòrùn bá ń mú. Òùngbẹ kọ́ ni kó rán yín létí. Ẹ lè po èyí tó ń dá okun padà fúnra yín: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí kò ga lẹ́nu, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Kí ìgò kan jẹ́ èyí, kí èkejì jẹ́ omi lásán. Ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àádùn ni mo máa ń jẹ lórí kẹ̀kẹ́.

Ààbò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìjínigbé ti ṣẹlẹ̀ láwọn ojú ọ̀nà kan ní Èkìtì àti Oǹdó, ẹni tó bá sì fẹ́ràn yín kò ní fi pamọ́ fún yín. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa gbéra, ẹ lọ sí gáréèjì ní Iléṣà, kí ẹ bá àwọn awakọ̀ tó ń ná Adó àti Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ibẹ̀, wọ́n mọ ibi tó dákẹ́ jù, wọ́n mọ ibi tí kòtò tuntun ti yọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ. Òkè náà kò ní sá lọ.

Ẹ má dá nìkan lọ, ẹ kéré tán kí ẹ jẹ́ mẹ́ta. Kí ẹnì kan nílé mọ ìlú tó yẹ kí ẹ wà ní aago kọ̀ọ̀kan. Kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ má bá yín lójú ọ̀nà láìsí pé ẹ ti ń wo ibi tí ẹ máa sùn lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà 122 ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó àti 112 tó wà fún pàjáwìrì. Bí ẹ bá rí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tàbí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, ẹ dúró kí wọn, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ kọjá.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní: Iléṣà sí Ẹ̀fọ̀n

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tó láti rí kòtò, ẹ gbéra, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ má jẹun yó. Ẹ̀kọ mímu àti búrẹ́dì díẹ̀ ti tó. Láti Iléṣà dé Ìwàràjà, ẹ fi ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gùn ún, kí ara gbóná. Ní oríta, ẹ yà sí òsì, sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ mu omi, kí ẹ sì ti já gíà wálẹ̀ kí òkè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí pẹ́dàlì bá ti le kó tó já gíà, ṣéènì lè bọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Lórí òkè, ẹ jókòó. Dídìde dúró lórí pẹ́dàlì máa ń jẹ agbára. Ẹ fi í pamọ́ fún ibi tó bá ga gógó. Ẹ máa yí ẹsẹ̀ ní ìgbà 60 sí 80 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀: bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹhẹlẹ, eré yín ti pọ̀ jù, ẹ dẹ̀ ẹ́. Kálukú ní eré tirẹ̀ lórí òkè. Kí ẹni tó lágbára máa lọ, kó dúró de àwọn yòókù níbi tó bá fẹ̀ tó sì hàn kedere, kó má ṣe dúró sí kọ́nà. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà fi ẹsẹ̀ lásán gbé ẹrù aṣọ gba orí àwọn òkè yìí láti ìlú dé ìlú, ẹnikẹ́ni kò sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

Apá ọ̀tún ni kí ẹ wà, àmọ́ kí ẹ má wọ ẹnu gọ́tà. Kí kẹ̀kẹ́ máa tẹ̀ lé ara wọn ní ìlà kan. Bí ẹ bá gbọ́ tirélà tó ń kérora bọ̀ lẹ́yìn nígbà tí kọ́nà wà níwájú, ẹ kúrò lọ́nà pátápátá, kó kọjá. Òun kò lè dúró lórí òkè, ẹ̀yin lè dúró.

Ẹ óò rí kòkó tàbí láfún tí wọ́n sá sí etí títì. Ẹ má fi táyà kàn án. Ẹ rọra yà fún un, kí ẹ sì kí ẹni tó ń tú u: “Ẹ kú iṣẹ́ o!” Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí ọmọkùnrin kan tó gba orí kòkó ẹni kọjá. Màmá àgbàlagbà kan yọ síta, kò bú u. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa kòkó náà lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lórí ọ̀dà, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Gbogbo wa padà lọ bá a ṣà á.

Ẹ̀fọ̀n Kúmoyè dára láti jẹun àárọ̀ kejì. Òkè yí i ká, òkúta funfun tó ń dán ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkè náà. Ẹ béèrè fún ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ gbígbóná. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti Ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì sí, lẹ́yìn tó kú ní 1959. A óò tún gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́la.

Sísọ̀ kalẹ̀

Láti Ìwàràjà títí dé Ìta-Awùrẹ́, gígùn àti sísọ̀ ló kún ọ̀nà náà, nítorí náà ẹ óò lo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí ẹ bá dé orí òkè, ẹ dúró. Ẹ wọ ẹ̀wù tí afẹ́fẹ́ kò gbà, torí òógùn á tutù mọ́ yín lára, ọwọ́ tó bá kú kò lè fún bíréèkì. Ẹ fún bíréèkì méjèèjì wò. Kí àlàfo tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ kan àti èkejì tó òpó iná méjì.

Ẹ di ìsàlẹ̀ hándù mú, kí ìka méjì wà lórí bíréèkì nígbà gbogbo. Ẹ sún ìdí sẹ́yìn díẹ̀ lórí ìjókòó, ẹ tẹ igbọ̀nwọ́, ẹ má le ara. Ẹ fún bíréèkì méjèèjì kó mú dáadáa, ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ tún fún un, ẹ tún jù ú sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ jù ú sílẹ̀ yẹn ni rìímù ń fẹ́ ara rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ ti dẹ eré kí ẹ tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀. Bí kọ́nà bá ń yà sí òsì, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nísàlẹ̀. Bó bá ń yà sí ọ̀tún, kí ẹsẹ̀ òsì wà nísàlẹ̀, kí pẹ́dàlì má bàa gbá ilẹ̀. Ibi tí ẹ fẹ́ jáde sí ni kí ojú wà. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ kòtò, inú kòtò ló máa bọ́ sí.

Kí ẹ sì mọ̀ pé ibi tí ọ̀nà ti máa ń bàjẹ́ jù ni ìsàlẹ̀ òkè àti ẹnu kọ́nà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń tẹ bíréèkì, ìwúwo wọn sì ń wọ́ ọ̀dà jọ títí á fi rí ganganrangan, á sì fọ́ di kòtò. Ibẹ̀ náà ni epo ọkọ̀ máa ń jò sí. Nítorí náà, ibi tí ẹ rò pé ẹ lè jù ú sílẹ̀ kó máa sáré gan-an ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Bí òjò bá pa yín mọ́ ibẹ̀, ẹ fún bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ ṣáájú àkókò láti nu omi kúrò lára rìímù, torí ìyípo bíi mélòó kan ló máa ń gbà kó tó mú. Bó bá di òjò ńlá, ẹ yà sábẹ́ ilé, kó dá.

Ìta-Awùrẹ́ sí Ìkógòsì

Ní Ìta-Awùrẹ́, ọ̀nà kan wà tó lọ sí Òkè-Mẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ogun Kírìjì ti jà, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kẹta lè fi yà síbẹ̀. Àwa yòókù, Arámọkọ ló kàn. Ẹ ra omi níbẹ̀, kí ẹ wò bóyá táyà nílò afẹ́fẹ́. Ẹ wá yà sí ọ̀nà Erínjìyàn. Ọ̀nà yìí dákẹ́ ju ti ìṣáájú lọ, ọkọ̀ kò pọ̀, igbó sún mọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wà lẹ́yìn.

Ìkógòsì wà láàárín òkè. Ibẹ̀ ni omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ látinú ilẹ̀, tí wọ́n wá pàdé, tí wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Ẹ pe ilé ìtura tí ẹ máa sùn sí ṣáájú kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ ti ẹsẹ̀ bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà. Iyán alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa. Ilẹ̀ Èkìtì lẹ wà, ara yín sì ń fẹ́ ẹ fún ọ̀la. Kí ẹ tó sùn, ẹ nu ṣéènì, ẹ ta epo sí i, kí ẹ sì tún wo rọ́bà bíréèkì.

Ọjọ́ kejì

Ìgbàrà-Odò àti Ìgbàrà-Òkè kò le tó ti àná, ẹ óò gbádùn rẹ̀. Ní Ìgbàrà-Òkè, ẹ sinmi kí ẹ tó bọ́ sí ọ̀nà ńlá, kí ẹ tan iná ẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ lọ, kì í ṣe òkè lẹ ń bá jà mọ́, àwọn ọkọ̀ ni. Etí ọ̀nà ni kí ẹ wà, ní ìlà kan, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá máa ké “Ọkọ̀!” bó bá gbọ́ èyí tó ń bọ̀. Bí tirélà bá ń kọjá, ẹ di hándù mú gírígírí: yóò kọ́kọ́ tì yín síta, bó bá ti kọjá tán, yóò fà yín wọlé. Ìfà kejì yẹn ló ń bá àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lójijì.

Ẹ óò sọdá odò Òwẹnà. Ìkejì-Arákejì wà lọ́ọ̀ọ́kán nígbà náà. Ojú ọ̀nà yìí ni Babalọlá ti ń wa kátakàtà tó ń tẹ ọ̀nà ní 1928, nígbà tí ẹ̀rọ náà dákẹ́, tó sì gbọ́ ìpè tó mú un fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ máa ń wá sí ibẹ̀ láti gbàdúrà. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ní ìpàdé ńlá, ẹ mú ọjọ́ mìíràn, torí ọkọ̀ á gba ọ̀nà kan.

Erin-Ìjẹ̀ṣà wà lẹ́yìn Ìpetu. Omi Olúmirin ń já látorí àpáta ní ìpele méje. Ìpele ìsàlẹ̀ tó fún ẹni tó ti gun kẹ̀kẹ́ ọjọ́ méjì. Bàtà kẹ̀kẹ́ tó ní irin nídìí kò gbọdọ̀ kan àpáta tútù yẹn. Ẹ gbé bàtà pẹlẹbẹ kan dání, tàbí kí ẹ jókòó sísàlẹ̀, kí omi tó ń fọ́n yín lára tù yín. Ẹ má pẹ́ jù. Ẹ gba Erínmọ̀ jáde sí Ìwàràjà, sí oríta tí ẹ ti yà lánàá, kí ẹ sì wọ Iléṣà kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀.

Bí ẹ bá délé, kí ẹ tó wẹ̀, ẹ fi omi lásán fọ rìímù. Ẹ yọ rọ́bà bíréèkì, kí ẹ tún ka ilà rẹ̀. Kò sí bí wọn kò ṣe ní fi jẹ díẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà àti bí ilà ṣe kù sí sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ fi mọ ìgbà tí ẹ máa ra òmíràn, kí ẹ tó tún padà síbẹ̀.